Àṣírí Ta Ni À Ń Bò?

   

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí, ọ̀dọ̀ arábìnrin wa kan ni ó ti wá, ṣùgbọ́n àwa gan-an ni ó bá wí. Ó bi wá ní ìbéèrè, a dá a lóhùn, ìdáhùn wa kò sì tọ̀nà. Bí ó ti jẹ́ pé ojú àwọn mìíràn ni a ti dá a lóhùn, lẹ́yìn àsàlátù ọjọ́ Àìkú, ó yẹ kí á tún un ṣe ní gbangba. Arábìnrin náà yọ̀ǹda kí á kọ ọ́. A ti yọ gbogbo ohun tí a lè fi dá òun tàbí ẹlòmíràn mọ̀ kúrò.

ÌBÉÈRÈ NÁÀ

Ẹni tí ó bá mọ Àgùdà yóò mọ̀ pé nọ́ọ̀sì kò wọ́n ládùúgbò wa. Ọsibítù ńlá ti Yunifásítì Èkó, tí ó ti wà ní Ìdí-Àràbà láti ọdún 1962, kò jìnnà sí wa. Ọsibítù ìjọba tí à ń pè ní Randle wà ní Sùúrùlérè níbí, ká má tíì ka àwọn ọsibítù aládàáni tí ó wà káàkiri. Bí a bá ń ti mọ́sálásí bọ̀ lẹ́yìn ìrun àsùbáà, a máa ń pàdé àwọn tí ń ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀, àti àwọn tí ń sáré lọ wọ danfó sí Òjúẹlẹ́gba kí wọ́n lè gba iṣẹ́ òwúrọ̀ lásìkò. Ọsibítù tí ọ̀rọ̀ wa ti ṣẹlẹ̀ kì í ṣe èyíkéyìí nínú méjì tí a dárúkọ yìí, a kò sì ní dárúkọ rẹ̀.

Arábìnrin wa ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn àgbàlagbà. Òun àti nọ́ọ̀sì kan tí ó ṣáájú rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, tí ó máa ń pè ní àǹtí, ni wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ alẹ́. Mùsùlùmí ni àǹtí yìí náà. Bí wọ́n bá ti pín oògùn alẹ́ tán, àǹtí á wọ yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ lọ, á sùn, ó di ìdájí. Kí àwọn ti òwúrọ̀ tó dé, á kó káàdì àwọn aláìsàn tí ó wà níhà tirẹ̀ jọ, á wá kọ ìgbóná ara àti ìfúnpá aago méjì òru àti ti aago mẹ́fà sí i, láìfi ọwọ́ kan ẹnì kankan. Á wo ti àná, á kọ ohun tí ó jọ ọ́. Bí ẹbí aláìsàn bá wá pè é lóru, ariwo ni á fi lé e padà.

Ṣùgbọ́n arábìnrin wa kò pe ẹni yìí ní ènìyàn burúkú. Nígbà tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹnu iṣẹ́, àǹtí yìí ni ó kọ́ ọ bí a ṣe ń wá iṣan rí lára ọmọdé àti arúgbó. Òun ni ó gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe nígbà tí ó ṣe ìsọmọlórúkọ. Ọkọ àǹtí ti pàdánù iṣẹ́, ọmọ mẹ́ta wà ní ilé ẹ̀kọ́, nítorí náà ó ń ṣe iṣẹ́ mìíràn lójú mọmọ ní ọsibítù kékeré kan. Oorun tí kò rí sùn lọ́sàn-án ni ó ń sùn lóru.

Arábìnrin wa wá bi wá báyìí pé: "Áfáà, bí mo bá sọ fún mátíròn, ṣé kì í ṣe pé mo ti jẹ ẹran ara àǹtí? Bí mo bá sì dákẹ́, kí ni mo máa sọ fún Ọlọ́hun?"

ÌDÁHÙN TÍ A FÚN UN

A kò ronú pẹ́. Hádíìsì tí gbogbo wa mọ̀ ni a kọ́kọ́ rántí, èyí tí ó wà nínú àkójọ Ìmáàmù Muslim, pé ẹni tí ó bá bo Mùsùlùmí láṣìírí, Ọlọ́hun yóò bo òun náà láṣìírí láyé àti lọ́run. A tún rántí Súrà al-Hujurāt, áyà 12, níbi tí Ọlọ́hun ti kọ àbá dídá, títọpinpin ara ẹni àti ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn fún wa, tí Ó sì fi ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn wé jíjẹ ẹran ara ọmọ ìyá ẹni tí ó ti kú. A ní kí ó ní sùúrù, kí ó bo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láṣìírí, kí ó máa ṣe àdúà fún un. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ ṣe àmín. Ó rọrùn lẹ́nu wa, nítorí pé kì í ṣe àwa ni a dùbúlẹ̀ sí wọ́ọ̀dù náà.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà tí omi dírípù ìyá àgbàlagbà kan fi yọ kúrò nínú iṣan lóru, tí ó ń wọ inú ẹran ara. Apá ìyá wú títí ó fi le bí igi. Ìyá pè títí, aláìsàn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà bá a pè. Arábìnrin wa wà ní ìkángun kejì lọ́dọ̀ ẹni tí kò lè mí dáadáa. Ìhà àǹtí ni ìyá wà, àǹtí sì ń sùn. Nígbà tí arábìnrin wa dé ọ̀dọ̀ ìyá, ohun tí ìyá bi í ni pé: "Ọmọ mi, ṣé ẹ ò gbọ́ ni?" Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, káàdì ìyá sọ pé ní aago méjì òru, gbogbo nǹkan ń lọ déédéé.

Ọlọ́hun yọ ìyá. Apá náà fa díẹ̀díẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí arábìnrin wa wá ròyìn rẹ̀ fún wa, kò bá wa jà, bẹ́ẹ̀ ni kò sunkún. Ó kàn ní: "Áfáà, mo ní sùúrù o." Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò létí wa títí di òní.

TA LÓ NI Ẹ̀TỌ́ NÁÀ?

Níbo ni a ti ṣì í? Hádíìsì tí a sọ kì í ṣe irọ́, áyà tí a kà sì pé. Ohun tí a kò béèrè ni pé: ta ni ẹni tí wọ́n ṣẹ̀?

Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn wa pín ẹ̀tọ́ sí ọ̀nà méjì: ẹ̀tọ́ Ọlọ́hun àti ẹ̀tọ́ ènìyàn. Bí ẹnìkan bá ṣẹ Ọlọ́hun ní kọ̀rọ̀, tí àwa sì ṣèèṣì rí i, ìbòjú tọ́ sí i. Àárín òun àti Olúwa rẹ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ àwa gan-an ni ó ṣẹ̀, tí ó bú wa, tàbí tí kò kí wa, a lè fi jìn ín, ẹ̀san wa sì wà lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni ó ṣẹ̀, agbára wo ni a ní láti dárí jì í? Ìyá tí apá rẹ̀ wú kò tíì fi jin ẹnikẹ́ni. A kò tilẹ̀ bi í.

Ẹ jẹ́ kí á wò ó báyìí. Bí a bá yọ owó nínú àpò ẹni tí ó ń sùn, tí a fi fún tálákà, ṣé sàráà ni a ṣe? Gbogbo yín ni ẹ mọ̀ pé rárá, a kì í fi ohun olóhun ṣe sàráà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àánú tí a ní kí arábìnrin wa ṣe fún àǹtí ṣe rí. Àpò aláìsàn ni a ti mú un.

Àmáánà ni aláìsàn lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Súrà an-Nisā', áyà 58, pàṣẹ fún wa kí á dá àmáánà padà fún àwọn tí ó ni ín. Ẹni tí wọ́n fi aago òlówó iyebíye pamọ́ sí lọ́wọ́ kò ní sùn kí olè wọlé. Ẹ̀mí ju aago lọ. Hádíìsì tí ó wà nínú àkójọ Muslim sọ nípa onígbèsè Ọjọ́ Àjíǹde: ó kó ìrun, ààwẹ̀ àti sàká dé, ṣùgbọ́n ó ti bú eléyìí, ó ti lu tọ̀hún, títí wọ́n fi pín iṣẹ́ rere rẹ̀ fún àwọn tí ó ṣẹ̀. Bí a bá ń bo àǹtí, tí àwọn aláìsàn ń ti ọwọ́ rẹ̀ jìyà, gbèsè ni à ń bá a dá sí i lọ́rùn. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sọ fún àwọn sàhábà pé kí wọ́n ran ọmọ ìyá wọn lọ́wọ́, ì báà jẹ́ ẹni tí ó ń ṣe àbòsí tàbí ẹni tí wọ́n ń ṣe àbòsí sí. Nígbà tí wọ́n bi í bí a ó ti ṣe ran alábòsí lọ́wọ́, ó ṣàlàyé pé kí á dá a lọ́wọ́ kọ́ ni. Al-Bukhārī gbà á wá. Dídá àǹtí lọ́wọ́ kọ́ gan-an ni ìrànlọ́wọ́ tí a jẹ ẹ́.

Ohun tí ó dùn wá jù ni pé a ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéwú wa ní Riyāduṣ-Ṣālihīn ti Ìmáàmù an-Nawawī láti ọdún pípẹ́. Nínú ìwé náà, Ìmáàmù ka ọ̀nà mẹ́fà tí ó fi tọ́ láti sọ àléébù ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ọ̀kan nínú ohun tí ó kà ni ti ẹni tí wọ́n fi sípò kan tí kò ṣe é bí ó ti yẹ: ó ní kí á sọ fún ẹni tí ó jẹ ọ̀gá lé e lórí, kí ó lè tọ́ ọ sọ́nà tàbí kí ó fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. A kọ́ ọ, a kọ́ ọ lákọ̀ọ́túnkọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹni tí ó nílò rẹ̀ dúró níwájú wa, kò wá sí wa lọ́kàn.

Ẹ̀RÍ NI KÁÀDÌ ALÁÌSÀN

Ẹ̀yin tí ẹ kàwé kéwú mọ ohun tí àwọn onímọ̀ hádíìsì ṣe. Wọ́n yẹ ẹnu gbogbo àwọn tí ó gba hádíìsì wá wò, lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé lágbájá máa ń gbàgbé, pé tàmẹ̀dò máa ń parọ́, pé ẹnì kan jẹ́ olùfọkànsìn ṣùgbọ́n kí a má gba ìròyìn rẹ̀. Àwọn kan bi wọ́n bí èyí kì í bá ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Ìdáhùn wọn ni pé ẹ̀sìn àwọn ènìyàn wà lórí ìròyìn yìí. Ẹni tí ó bá dákẹ́ lórí òpùrọ́ ti tan gbogbo ẹni tí yóò gbà á gbọ́.

Ìròyìn ni káàdì aláìsàn pẹ̀lú. Dókítà tí ó dé ní aago mẹ́jọ kò sí níbẹ̀ lóru. Ohun tí nọ́ọ̀sì kọ ni yóò kà, lórí rẹ̀ ni yóò ti sọ pé kí wọ́n fi kún oògùn tàbí kí wọ́n dín in kù, kí aláìsàn máa lọ sílé tàbí kí wọ́n gbé e lọ fún iṣẹ́ abẹ. Ẹni tí ó kọ ìfúnpá tí kò wọ̀n, ẹ̀rí èké ni ó jẹ́, ẹ̀rí èké sì wà lára àwọn ẹ̀ṣẹ̀ tí ó tóbi jù lọ. Bí ó bá tilẹ̀ fi àwọn ihò káàdì náà sílẹ̀ lófìfo, ì bá sàn. Òfìfo á sọ fún dókítà pé ẹnìkan kò wò ó. Irọ́ á sọ fún un pé kò sí nǹkan.

Èyí kì í ṣe ohun àjèjì nínú ìtàn wa. Nígbà ogun Khandaq, ní ọdún karùn-ún Híjírà, nígbà tí ọfà ba Sa'd ọmọ Mu'ādh, àgọ́ obìnrin kan tí ń jẹ́ Rufaydah, ti ìran Aslam, ni Ànábì ní kí wọ́n gbé e lọ, nítorí pé obìnrin yìí ń tọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́. Ẹ̀yin arábìnrin wa tí ẹ jẹ́ nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ sàhábà ni iṣẹ́ yín. Nígbà tí ó sì di ọdún 931, ní Bàgídáádì, ẹnìkan kú nítorí àṣìṣe oníṣègùn kan. Wọn kò ní kí á bo oníṣègùn náà nítorí pé Mùsùlùmí ni tàbí nítorí pé ó ní ọmọ. Kálífà al-Muqtadir pàṣẹ pé kí oníṣègùn kankan má ṣiṣẹ́ mọ́ nínú ìlú náà àyàfi ẹni tí Sinān ọmọ Thābit bá dán wò tí ó sì yege.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì wa ń ṣí lọ lónìí, irú ọ̀rọ̀ arábìnrin wa yìí ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní ọsibítù Stafford, òfin ni pé kí ẹni tí ó bá wá sí ẹ̀ka pàjáwìrì má ṣe dúró ju wákàtí 4 lọ. Wọ́n ń kọ àkókò tí kì í ṣe òótọ́ sínú ìwé kí ó lè dà bíi pé òfin náà ń ṣẹ. Nọ́ọ̀sì kan tí ń jẹ́ Helene Donnelly kọ̀, ó sì ń fi ẹ̀sùn sùn léraléra. Àwọn kan nínú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ halẹ̀ mọ́ ọn débi pé ẹ̀rù ń bà á láti dá rìn dé ibi ọkọ̀ rẹ̀ lóru. Ní ọdún 2008, ó kúrò níbẹ̀. Nígbà tí ìròyìn ìwádìí tí Robert Francis darí jáde ní oṣù Kejì ọdún 2013, gbogbo ayé rí i bí àwọn aláìsàn ti jìyà tó níbẹ̀. Obìnrin náà kì í ṣe Mùsùlùmí bí a ti mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó pa àmáánà mọ́. Kí ni àwa tí a ní Alùkùránì yóò wí?

BÍ A TI Ń ṢE É

Ẹ má ṣe mú ọ̀rọ̀ wa yìí lọ sọ ara yín di amí. Ọ̀pọ̀ ló wà tí ó ń fi orúkọ òtítọ́ gbẹ̀san. Nítorí náà, ohun tí a ì bá ti sọ fún arábìnrin wa ní ọjọ́ àkọ́kọ́ nìyí.

Èkíní, kí ó yẹ ọkàn ara rẹ̀ wò. Súrà al-Mā'idah, áyà 8, kìlọ̀ pé kí ìkórìíra má ṣe tì wá kúrò lórí déédéé. Pé ẹnìkan ń pariwo, pé ó ń jẹ gọ́ọ̀mù, pé kò bọ̀wọ̀ fún wa: ìwà ni ìyẹn, sùúrù ni oògùn rẹ̀. Pé ó ń kọ ohun tí kò wọ̀n: ti aláìsàn nìyẹn, sùúrù kò sí níbẹ̀.

Èkejì, kí ó sọ kìkì ohun tí ojú rẹ̀ rí. Súrà al-Hujurāt kan náà, ní áyà 6, ní kí á wádìí ìròyìn kí á má bàa ṣe àìda sí àwọn ènìyàn nítorí àìmọ̀. Kí ó má fi àgbọ́sọ kún un.

Ẹ̀kẹta, kí ó kọ́kọ́ wo aláìsàn. Bí káàdì bá ní àmì tí kò dá a lójú, kí ó tún ìfúnpá wọ̀n, kí ó kọ tirẹ̀ sí i pẹ̀lú aago àti orúkọ ara rẹ̀. Kí ó má ṣe pa ohun tí ẹlòmíràn kọ rẹ́, kí ó má sì ṣe bá a fọwọ́ sí i.

Ẹ̀kẹrin, kí ó bá àǹtí sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí àbúrò ti ń bá ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀. Kí ó béèrè ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nílé. Kí ó sọ ohun tí òun rí àti ohun tí òun kò ní lè bá a bò mọ́. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn lóru.

Ìkarùn-ún, bí kò bá yí padà, kí ó lọ bá ẹni tí ó ń ṣàkóso wọ́ọ̀dù, kí ó sọ ọjọ́, aago àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀, láìsọ pé "ọ̀lẹ ni" tàbí "aláìbìkítà ni". Kí àǹtí ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó lọ. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀mí ni ó wà nínú ewu lóru òní, kò sí àyè fún ìkẹrin. Kí ó pe ọ̀gá lójú ẹsẹ̀. Àjọ tí ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà, tí òfin ọdún 1979 gbé kalẹ̀, náà wà fún ọ̀rọ̀ tí ó bá ju ti ọsibítù lọ.

Ìkẹfà, ibẹ̀ ni kí ọ̀rọ̀ náà parí sí. Kò gbọdọ̀ dé inú danfó, kò gbọdọ̀ dé àsàlátù, kò gbọdọ̀ dé orí WhatsApp. Ẹni tí ó lè tún un ṣe ni a sọ ọ́ fún. Bí ó bá ti kọjá ibẹ̀, ẹran ara ọmọ ìyá wa ni à ń jẹ.

Ẹ̀YIN Ọ̀GÁ ŃKỌ́?

A kò ní ṣe déédéé bí a bá di gbogbo ẹrù lé àǹtí lórí. Nọ́ọ̀sì méjì fún wọ́ọ̀dù tí ó kún, owó oṣù tí kò lè gbọ́ bùkátà títí ẹnìkan fi ń ṣe iṣẹ́ méjì láàárín ọjọ́ kan, èyí náà jẹ́ àbòsí. Àwọn tí ó ni ọsibítù yóò dáhùn fún un. Bí a bá sì mọ̀ pé ebi ni ó ń lé ọmọ ìyá wa, tí a kò gbé àpò àsàlátù wa jáde, ìdáhùn wà lọ́rùn àwa náà. Nínú àpò ti ara wa ni kí á ti ṣàánú rẹ̀. Bí a bá ti san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ kan nínú mẹ́ta yẹn, bóyá àǹtí ì bá fi iṣẹ́ ọ̀sán sílẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ apá ìyá, arábìnrin wa lọ bá àǹtí, lẹ́yìn náà ó lọ bá ọ̀gá wọn. Wọ́n fún àǹtí ní ìwé pé kí ó wá wí tẹnu rẹ̀, wọ́n sì gbé e kúrò níbi iṣẹ́ alẹ́ sí ẹ̀ka àwọn tí ń wá gba ìtọ́jú lọ sílé. Wọn kò lé e. Ṣùgbọ́n títí di àkókò tí a ń kọ èyí, bí wọ́n bá pàdé níbi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀, ọ̀tọ̀ ni àǹtí máa ń wọ̀. Arábìnrin wa ṣì ń kí i. Àǹtí kì í dáhùn. A kò lè sọ fún yín pé òtítọ́ kì í náni ní nǹkan.

Àwa náà ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ arábìnrin wa. Ìyá tí apá rẹ̀ wú kò mọ̀ wá, a kò sì mọ ibi tí a ó ti rí i. Ẹ̀tọ́ tirẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Kí Ọlọ́hun forí jì wá lórí ohun tí a fi àìronú sọ. Kí Ó fún àwọn aláìsàn wa ní ìwòsàn, kí Ó fún àwọn tí ń tọ́jú wọn ní agbára, ìsinmi àti ìbẹ̀rù Rẹ̀. Kí Ó má jẹ̀ẹ́ kí á fi ohun olóhun ṣe sàráà. Àmín.